Mo ti ra báàgì airbag, kí ni kí n fi báàgì ski àtijọ́ ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùúrùlérè ni mò ń gbé, àmọ́ láti bí ọdún mẹ́fà báyìí, gbogbo February ni mo máa ń lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Innsbruck, ní Austria, òun ló kọ́ mi ní ski, ìyẹn ká de pákó gígùn mọ́ ẹsẹ̀ ká fi yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí yìnyín. Lọ́dún tó kọjá la bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú piste, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n là fáwọn tó ń ṣe ski, à ń fẹsẹ̀ ara wa gun òkè, ìyẹn ni mo ṣe ra báàgì airbag, èyí tó ní sílíńdà, tó máa ń wú lẹ́yìn èèyàn téèyàn bá fa okùn ẹ̀ nígbà tí yìnyín òkè bá ya, ẹnì kan ti bá mi gbé e wá s'Ékòó. Báàgì ski mi àtijọ́, lítà 30, ṣì wà, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ìyàwó mi ní kí n kó o fáwọn olókìrìkà ní Yábà torí wọ́dùróòbù ti kún, àbúrò mi ní kí n fún òun kóun máa fi bá mi gòkè, èmi náà ń rò ó pé mo lè máa lò ó lọ́jọ́ tí yìnyín ò bá pọ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Àbúrò mi, mo kí ẹ, mo kí ìyàwó ẹ náà, torí ọ̀rọ̀ wọ́dùróòbù tó sọ yẹn máa yanjú kí n tó kọ̀wé yìí tán. Jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí kíá: má tà á, má sì sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n "ọjọ́ tí yìnyín ò bá pọ̀" tó o fi kádìí ọ̀rọ̀ ẹ yẹn, jọ̀ọ́ yọ ọ́ kúrò lọ́kàn pátápátá, òun ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tó o kọ.

Mo fi winter mẹ́sàn-án ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń yá èèyàn ní nǹkan ski ní British Columbia, ní Kánádà, kí n tó padà wálé sí Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́tta. Ìdí báàgì ni wọ́n fi mí sí jù, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́, èmi ni mò ń rán èyí tó bá ya, èmi ni mò ń ká airbag padà sínú àpò ẹ̀ tí wọ́n bá ti fà á. Ìbéèrè tó o bi mí yìí, mi ò lè ka iye èèyàn tó dúró síwájú káńtà bi mí ní irú ẹ̀, báàgì tuntun lọ́wọ́ ọ̀tún, ti àtijọ́ lọ́wọ́ òsì.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí airbag ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ńṣe ló ń léfòó lórí yìnyín bí ọkọ̀ ojú omi, kò rí bẹ́ẹ̀. Mú abọ́ kan, fi ẹ̀pà bíi mẹ́ta sísàlẹ̀ ẹ̀, bu gàrí gbígbẹ lé e lórí, wá máa mi abọ́ yẹn jìgìjìgì. Kò ní pẹ́ tí wàá fi rí ẹ̀pà lókè. Gàrí tó kéré ń yọ́ bọ́ sábẹ́ ẹ̀pà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀pà tó tóbi ò wá rí àyè padà sísàlẹ̀ mọ́, òkè ló ń lọ. Nígbà tí avalanche bá ṣẹlẹ̀, tí yìnyín ya kúrò lára òkè tó sì ń sáré bọ̀ nísàlẹ̀, bí gàrí inú abọ́ yẹn ló ṣe ń ṣe, ìwọ tó wà nínú ẹ̀ sì ni ẹ̀pà. Bó o bá ṣe tóbi tó ni wàá ṣe sún mọ́ òkè tó. Gbogbo iṣẹ́ airbag ò ju pé kó sọ ẹ́ di nǹkan ńlá lọ, ọ̀pọ̀ wọn máa ń wú tó nǹkan bíi lítà 150 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, fojú inú wo dúróòmù ńlá tá a fi ń tọ́jú omi lẹ́yìnkùlé, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ ló ṣàdédé jókòó sẹ́yìn ọrùn ẹ yẹn.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ igbó ní Jámánì lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1970 sí ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ó pa ẹran, ó ru ú sẹ́yìn, yìnyín ya gbé e, ó wá rí i pé òkè yìnyín lòun wà, ẹran tó wà lẹ́yìn òun ni ò jẹ́ kóun rì. Peter Aschauer ló mú èrò yẹn tó fi dá iléeṣẹ́ ABS sílẹ̀ ní 1985. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fáwọn èèyàn wa tí wọ́n bá ní nǹkan òyìnbó ni airbag, mo ní rárá o, ọdẹ tó ru ẹran bọ̀ láti inú igbó ni.

Ó wá ń gba ẹ̀mí là lóòótọ́, àmọ́ mọ bó ṣe mọ. Ìwádìí tí onímọ̀ kan nípa avalanche, Pascal Haegeli, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 2014 sọ pé nínú 100 èèyàn tí avalanche gbé gidi, 22 ló máa kú tí airbag wọn ò bá wú, tó bá wú, ó di 11. Ìdajì nìyẹn, ìdajì ò sì kéré, ṣùgbọ́n èèyàn 11 ṣì kú pẹ̀lú báàgì tó wú lẹ́yìn wọn, torí yìnyín lè gbá èèyàn mọ́ igi, ó lè jù ú látorí àpáta, ó lè gbá a sínú kòtò tóóró kí yìnyín ẹ̀yìn wá dà bò ó. Ní Kánádà níbi tí mo wà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí avalanche ń pa ló jẹ́ pé ìfarapa ló pa wọ́n, kì í ṣe pé wọn ò rí èémí mí. Airbag kì í ṣe ayẹta, kì í ṣe ońdè. Èyí tó tún yẹ kó o há sórí nínú ìwádìí yẹn ni pé nínú airbag márùn-ún, ọ̀kan ò wú rárá, ohun tó sì fà á jù ni pé ẹni tó gbé e ò rí okùn ẹ̀ fà. Wọ́n gbé e o, ó wà lẹ́yìn wọn, wọn ò rí i fà. Èyí tẹ́nì kan fi sílẹ̀ sínú wọ́dùróòbù lọ́jọ́ yẹn ò sí nínú ìṣirò yẹn rárá.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá ẹ sọ̀rọ̀ "ọjọ́ tí yìnyín ò bá pọ̀" yẹn. Báàgì tuntun ẹ wúwo, àwọn tó ní sílíńdà máa ń tó kílò 2 sí 3 lófìfo, ti àtijọ́ ẹ lè má ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Láàárọ̀ kùtù, tí ara ò tíì yá, tí òkè sì wà níwájú tó o máa fẹsẹ̀ gùn fún wákàtí mẹ́ta, ọwọ́ ẹ máa lọ síbi èyí tó fúyẹ́, ẹnu ẹ á sì wá àwáwí fún un: yìnyín ò pọ̀ lónìí, ibi tá à ń lọ ò jìnnà. Mo ti rí i lára ọ̀gá tó ju èmi àti ìwọ lọ. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé yìnyín tí ò pọ̀ ò túmọ̀ sí pé ewu ò pọ̀. Ọdún tí yìnyín bá fẹ́lẹ́, tí òtútù sì mú gan-an, yìnyín ìsàlẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ á máa yí padà di horo horo bíi ṣúgà, kò ní lẹ̀ mọ́ra wọn mọ́, tí yìnyín tuntun bá wá bọ́ lé e lórí, ó dà bí ẹni tó kọ́lé sórí ìyanrìn. Ẹsẹ̀ ẹyọ èèyàn kan lè já a. Pẹ̀lú pé ó fẹ́lẹ́, àpáta wà nítòsí.

Ohun tó yẹ kó o máa wò ni bí òkè ṣe dagun tó. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó bá ti tó digrí 30 lọ sókè, avalanche lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, àárín 30 sí 45 ló sì ti ń wáyé jù. Má gbàgbé pé èyí tó wà lókè orí ẹ náà lè ya wá bá ẹ bí ibi tí ìwọ dúró sí bá tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Tyrol níbi tí Innsbruck wà máa ń gbé ìròyìn avalanche jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ kejì, ipele 1 dé 5 ni, èyí tó ń pa èèyàn jù sì ni 3, torí àwọn tó rí 4 ń jókòó sílé, àwọn tó rí 3 ń sọ pé àárín náà ni. Kà á kó o tó sùn. Tí ọ̀nà yín bá ti gba ibi tó dagun bẹ́ẹ̀ kọjá, tàbí abẹ́ irú ẹ̀, airbag lo máa gbé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà lójú piste tí wọ́n là, tí wọ́n ń ṣọ́, gbé ti àtijọ́. O rí i pé kì í ṣe ojú ọjọ́ ló máa bá ẹ yan báàgì, ibi tó ò ń lọ ni.

Ohun kejì tó máa ń ṣe àwọn tó ní báàgì méjì, ó ti ṣe èmi gan-an. Winter kẹta mi níbẹ̀, mo ní airbag, mo sì ní báàgì pupa kan tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan yìnyín bo mọ́tò mi, mo yọ ṣọ́bìrì mi nínú airbag, mo fi wú mọ́tò jáde, báàgì pupa ló wà nítòsí, mo sọ irin ẹ̀ sínú ẹ̀, mo dá ọ̀pá ẹ̀ padà sínú airbag. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e àwa mẹ́rin jáde ṣáájú kílẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ṣíwájú wa ní kí kálukú ṣí báàgì ẹ̀ kóun rí ohun tó wà níbẹ̀ ká tó gbéra. Mo fa síìpù. Nínú àpò tí ṣọ́bìrì máa ń wà, ọ̀pá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, irin tí wọ́n fi ń wú yìnyín ò sí. Kò bínú, kò pariwo, ó kàn bi mí pé, "Tó bá bò mí mọ́lẹ̀, kí lo máa fi wú mi?" Mi ò rí èsì fọ̀. A yí mọ́tò padà, àwọn mẹ́ta tó ti sùn láago mẹ́sàn-án alẹ́ nítorí ọjọ́ yẹn pàdánù ẹ̀ nítorí tèmi. Ìbéèrè yẹn ṣì ń dún létí mi.

Torí náà, òfin kan ṣoṣo tí mo máa fún ẹ nìyí: ṣọ́bìrì irin àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n ń pè ní probe, tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá ẹni tó bò mọ́lẹ̀, ò gbọdọ̀ jáde nínú airbag láé àyàfi tó o bá fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ tàbí tó o bá fẹ́ lò ó fún ẹ̀mí. Ẹ̀rọ transceiver ní tiẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí èèyàn wà lábẹ́ yìnyín, ara ẹ ni kó máa wà, lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, má fi sínú báàgì kankan. Tí ẹ bá fẹ́ ṣọ́bìrì fún mọ́tò, ẹ ra òmíràn fún mọ́tò. Ẹni tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ pátápátá, ìṣirò tuntun tí wọ́n ṣe ní Switzerland fi hàn pé tí wọ́n bá rí i wú jáde láàárín ìṣẹ́jú 10, ó lé ní 90 nínú 100 tó ń yè é, tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 30, ó ti já wá sí nǹkan bí 30. Kò sí ìṣẹ́jú tẹ́nì kan máa fi rántí pé inú báàgì kejì lòun gbé e sí.

Ó wá kan àbúrò ẹ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ pé kó gbé báàgì lásán bá ẹ gòkè, tó bá ti ní transceiver, ṣọ́bìrì àti probe tiẹ̀, tó sì mọ̀ ọ́n lò, ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn fi gòkè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jọ sọ láàárín ara yín ni pé ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, ẹ yàn án bíi pé kò sẹ́ni tó ní airbag nínú yín. Ìwọ tí nǹkan wà lẹ́yìn ẹ lè má mọ ìgbà tí ọkàn ẹ ti le kọjá bó ṣe yẹ, tó o bá wá ṣíwájú lọ síbi tó dagun, ọmọ ìyá ẹ á tẹ̀ lé ẹ pẹ̀lú báàgì tí ò lè wú. Àti pé tí avalanche bá gbé ẹ̀yin méjèèjì, ìwọ ló ṣeé ṣe kó wà lókè, ọwọ́ ẹ lẹ̀mí ẹ̀ wà. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní February, kẹ́ ẹ tó gòkè rárá, ẹ fi ọ̀sán kan kọ́ bẹ́ ẹ ṣe máa wá transceiver tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ẹ bò ó, ẹ wá a, ẹ wú u, títí á fi mọ́ yín lára. Tí owó bá wà lọ́jọ́ iwájú, kóun náà ra airbag tiẹ̀, mo máa fẹ́ ìyẹn ju kó jogún báàgì ẹ lọ.

Kó o tó pinnu pé báàgì àtijọ́ yẹn ṣì wúlò fún ohunkóhun, lọ gbé e jáde báyìí, má dúró di February. Báàgì tó ti lo ọdún mẹ́fà nínú wọ́dùróòbù Èkó, tí ooru mú un, tí ọ̀rinrin òjò June mú un, tí iná lọ tí fáànù ò fẹ́ sí i, inú ẹ̀ ni kó o wò, ìta máa ń tàn èèyàn jẹ. Dojú ẹ̀ kọ òde lójú oòrùn, ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ pátápátá, fi ìka pa aṣọ inú ẹ̀. Wọ́n fi nǹkan bíi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo inú aṣọ yẹn kí omi má wọlé, ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìka ẹ, tó ń rùn kíkan, tàbí tó ń bó funfun bí awọ ara tí oòrùn jó, ó ti tán nìyẹn, kò sí bó o ṣe máa fọ̀ ọ́ tó máa padà. Wo ibi tí okùn èjìká ti rán mọ́ ara báàgì, fa á pẹ̀lú agbára, òwú ibẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́n. Ike ìdè àyà àti ti ìbàdí, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bó bá ti gbẹ tó ń dún pa-pa, òtútù òkè máa ṣẹ́ ẹ. Báàgì tó bá kùnà nínú gbogbo èyí, fún olókìrìkà, tàbí kó o fi gbé bàtà. Èyí tó bá yege, fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tí ò le, sá a síbi ìbòòji títí á fi gbẹ dénú.

Tó bá yege, iṣẹ́ ẹ̀ ti wà nílẹ̀: òun ni báàgì piste ẹ, òun sì ni báàgì ìrìn àjò ẹ láti Èkó. Kì í ṣe torí pé mo fẹ́ kó o máa lo ohun àtijọ́ o. Lórí àga tí wáyà ń fà gòkè, airbag gan-an lè di wàhálà, wọ́n ti rí èyí tó ṣèèṣì wú lórí irú àga yẹn, okùn tó gba àárín ẹsẹ̀ sì lè há mọ́ àga. Tó o bá ní láti gbé airbag wọ lift, tọ́jú ọwọ́ tí wọ́n ń fà padà sínú àpò ẹ̀, tú okùn àyà, ìbàdí àti ti ẹsẹ̀, gbé báàgì wá síwájú. Tó o bá dé òkè, kó o tó ṣí ẹsẹ̀, dè gbogbo ẹ̀ padà, pàápàá ti àárín ẹsẹ̀ yẹn, torí tí kò bá sí i, yìnyín lè bọ́ báàgì kúrò lọ́rùn ẹ bí ẹni bọ́ búbá. Lẹ́yìn náà kó o wá fa ọwọ́ rẹ̀ síta. Lójú piste pẹ̀lú ìyàwó àtàwọn ọmọ, kí lo fẹ́ fi gbogbo wàhálà yẹn ṣe?

Airbag ẹ ní tiẹ̀, Innsbruck ni mo fẹ́ kó máa gbé. Àjọ IATA, ìyẹn àjọ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lágbàáyé, gbà kí ẹnì kan gbé ẹyọ kan tó ní sílíńdà wọ ọkọ̀ òfúrufú, àmọ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó o bá máa wọ̀ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i ṣáájú, o sì gbọ́dọ̀ dì í tí kò fi ní ṣèèṣì wú. Pè wọ́n ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, gba èsì wọn ní ìwé, tẹ̀ ẹ́ jáde, mú un lọ́wọ́ lọ sí Murtala Muhammed, torí ẹni tó máa yẹ ẹrù ẹ wò lè má rí irú ẹ̀ rí, kó kàn rí sílíńdà irin tó ní okùn ìfà, ìwọ náà mọ bó ṣe máa rí lójú ẹ̀. Tí ọ̀nà ẹ bá gba Amẹ́ríkà lọ́jọ́ kan, wọn kì í gba sílíńdà tó kún níbẹ̀ rárá. Gbé e lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí, kó o sì fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ẹ, níbi tó gbẹ tó sì tutù díẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti probe nínú ẹ̀, kí àyè tó gbà nínú wọ́dùróòbù padà sọ́wọ́ ìyàwó ẹ.

Kó tó kúrò l'Ékòó, má gbé e sílẹ̀ nínú mọ́tò lójú oòrùn, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹ rọ sílíńdà yẹn. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ̀ wá, ẹnì kan á ní òun mọ bọ̀dá kan tó ń rọ gáàsì ìpaná. Táyà mọ́tò tí fọkanáísà ń fún ní atẹ́gùn ò ju bar 2 àti díẹ̀ lọ, sílíńdà airbag máa ń wà láàárín 200 sí 300 bar, tó bá bẹ́, kò ní mọ ọmọ tó wà nítòsí. Ká tiẹ̀ ní kò bẹ́, atẹ́gùn tó bá ní ọ̀rinrin nínú lè di yìnyín lẹ́nu fáàfù lórí òkè, ìgbà tó o bá sì fa okùn ni wàá tó mọ̀. Ohun tó o lè ṣe nílé ni pé kó o yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀pọ̀ sílíńdà ni wọ́n kọ ìwọ̀n tó yẹ kó wọ̀n sí lára, gbé e sórí síkéèlì ìdáná tó ń fi nọ́ńbà hàn, tó bá dín sí ti ara ẹ̀, ó ti ń jò. Àwọn mìíràn ní aago lára, ìyẹn kó o kàn wò ó ni.

Èyí tó o sì lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní ni fífà. Tú sílíńdà kúrò gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀ ṣe sọ, gbé báàgì kọ́rùn ní pálọ̀, dè gbogbo okùn ẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́ ski ẹ bí ooru bá tiẹ̀ ń mú ẹ, dijú, fà á. Fà á látorí ìdúró, fà á nígbà tó o bá dùbúlẹ̀ tí ọmọ ẹ ń yí ẹ kiri lórí kápẹ́ẹ̀tì, títí ọwọ́ ẹ á fi máa lọ síbẹ̀ láìrò ó. Okùn èjìká òsì ló wà lórí ọ̀pọ̀ wọn, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń fà á, tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì lo ń lò, wò ó bóyá tìẹ ṣeé gbé sódìkejì. Ní Innsbruck, lọ́jọ́ tó o bá máa padà sílé, fa á wú ní tòótọ́ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú sílíńdà, ìwọ fúnra ẹ ni kó o ká a padà, kí àbúrò ẹ wá gbé sílíńdà òfìfo yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti máa bá yín pààrọ̀ ẹ̀ kó o tó tún dé.